Bí Ewéko Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbìn Ṣe Ń Hù ní Ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́ Nígbà Òjò

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ ní ìparí oṣù Kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, ẹni tó bá gba Tákíé ní ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá lè rò pé eruku nìkan ló wà lẹ́bàá gọ́tà. Bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kì í pẹ́ tí gbogbo ibẹ̀ fi ń tutù yọ̀yọ̀. Ewéko wọ̀nyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibì kankan dé. Irúgbìn wọn ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ti àwọn mìíràn láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ń dúró de omi àti ìmọ́lẹ̀. Ìdí tẹ̀tẹ̀ kan ṣoṣo tó bá rí ilẹ̀ ọlọ́ràá lè so ẹgbẹẹgbẹ̀rún irúgbìn wínníwínní, èyí tó bá sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ kì í sábà hù títí ọkọ́ tàbí àgbàrá yóò fi gbé e wá sókè. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti ri páìpù omi, tí wọ́n sì dí i padà, orí ibi tí wọ́n gbẹ́ gan-an ni tẹ̀tẹ̀ máa ń tò lé, bí ẹni pé ẹnìkan ta okùn kó tó gbìn ín.

Ewéko ìgboro kì í kàn hù síbi tó bá ṣáà ti rí. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ le, ibi tí omi ń dúró sí, ààtàn, ògiri tó ti là: ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ewéko tirẹ̀. Ẹni tó bá dá wọn mọ̀ lè fi wọ́n mọ ohun tó ń ṣe ilẹ̀ láì tíì gbẹ́ ẹ wò.

Gbàgí ló ni ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Gbogbo ewé rẹ̀ ń ti ìdí kan ṣoṣo jáde, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́lẹ̀ bíi wáyà kẹ̀kẹ́, nítorí náà ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ kì í pa á. Gbòǹgbò rẹ̀ di ilẹ̀ mú débi pé ẹni tó bá fẹ́ fà á tu, ewé ló máa ń já sí i lọ́wọ́. Bí gbàgí bá hù ní ìlà tóóró gba àárín ilẹ̀ òfìfo kan kọjá, ọ̀nà àbùjá tí àwọn ará àdúgbò ń gbà ni.

Ṣùgbọ́n rinrin ni ó yẹ kí onílé kọ́kọ́ kọ́ láti dá mọ̀. Nǹkan bí mìlímítà 1,200 ni òjò tó ń rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún kan, oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń rọ̀. Ibi tí omi náà bá wọlẹ̀ sí tí kò sì tètè gbẹ ni rinrin ń wá. Igi rẹ̀ mọ́ gaara débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ rí inú rẹ̀, ewé rẹ̀ rí bí ọkàn kékeré, ìka méjì sì ti tó láti fà á tu, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kò wọlẹ̀ rárá. Ewéko tó rí báyìí kò lè fara da oòrùn ọ̀sán, kò sì lè wá omi lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Àfi kí ọ̀rinrin wà ní ojú ilẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Nítorí náà, bí rinrin bá tò yí ìdí ògiri ká ní ẹ̀yìnkùlé, tí gòdògbó sì ń fà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìpìlẹ̀ ilé máa mu omi, yálà láti ojú ọ̀ṣọ̀ọ̀rò tàbí láti ara páìpù tó ń jò. Kí onílé tó pe ẹni tí yóò tún ògiri kùn, kí ó kọ́kọ́ wá ibi tí omi ti ń wá. Títu rinrin dànù lásán kò yanjú ohunkóhun, yóò tún hù.

Ní àwọn agbo ilé àtijọ́, orí àlàpà ni ewéko pọ̀ sí. Ẹyẹ a jẹ èso ejìnrìn tó ti pọ́n tó sì là, a sì yàgbẹ́ irúgbìn rẹ̀ sórí ògiri amọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdán àti ẹyẹ ṣe ń gbin ọ̀pọ̀tọ́ sínú ihò ògiri, níbi tí gbòǹgbò rẹ̀ yóò ti máa fẹ ihò náà lójú lọ́dọọdún. Àbámọdá kò tilẹ̀ nílò ẹyẹ. Bí ewé rẹ̀ kan bá jábọ́ sórí amọ̀ tútù, ọmọ kéékèèké yóò yọ létí ewé náà, kálukú pẹ̀lú gbòǹgbò tirẹ̀.

Ààtàn ni ti lárà, tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún àti gbúre, nítorí eérú àti oúnjẹ tó jẹrà ń bọ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ewé wọn máa ń tóbi, ó máa ń dán, ó sì máa ń wu ènìyàn láti já. Ẹ má ṣe já a fún ọbẹ̀. Ilẹ̀ ààtàn, ẹ̀gbẹ́ títì ńlá àti àyíká ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì lè ní òjé àti májèlé mìíràn láti ara bátìrì àti ọ́ìlì, gbòǹgbò sì lè fa díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ewé, níbi tí omi iyọ̀ kò ti lè fọ̀ ọ́ kúrò. Gbúre ẹ̀yìnkùlé tó jìnnà sí irú ibẹ̀ kò ní wàhálà yìí.

Ọ̀kan yàtọ̀ nínú gbogbo wọn. Ewé Akíntọ́lá, tí àwọn kan ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì ń jẹ́ orúkọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ṣe Prẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn títí di oṣù Kìíní ọdún 1966. Òun ló ń gba ilẹ̀ tí wọ́n rà tí wọn kò tíì kọ́, tí wọn kò sì ro. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ewé tí à ń fún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Nígbà tí àrọ̀kúrò bá ti tán, tí gbàgí ti pọ́n, tí rinrin sì ti rọ dànù, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná ni. Nínú ọyẹ́, irúgbìn rẹ̀ tó ní irun funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yóò máa fò kọjá lórí páànù.