Omi ọmú tí a fún sínú ife: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ìyá ìkókó ní Òṣogbo

Ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ni Ọ̀sẹ̀ Ìfọ́mọlọ́mú Lágbàáyé máa ń bọ́ sí lọ́dọọdún, àwọn elétò ìlera sì tún ti tẹnu mọ́ ọn lórí rédíò pé ọmú nìkan ni kí ọmọ tuntun máa mu fún oṣù 6 gbáko. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí fídíò kan fi gba orí fóònù àwọn obìnrin Òṣogbo kan. Ìyá kan sọ nínú rẹ̀ pé ọmọ òun ti pé oṣù 2, kò sì fi ẹnu kan ọmú rí. Ẹ̀rọ ni òun fi ń fún gbogbo ohun tí ó ń mu, ọmú nìkan sì ni òun ń fún un. Àwọn kan ní ó ń fìyà jẹ ọmọ, àwọn mìíràn sì ti ń béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ náà ní ọjà Ọba. Ìbéèrè tí ó ti ibẹ̀ jáde pọ̀, àwọn ìyá tuntun sì ń fi ọkàn tí kò balẹ̀ béèrè wọn, nítorí náà ni mo ṣe kó wọn jọ síbí.

Ṣé ọmú nìkan ni a lè pe èyí tí a fi ẹ̀rọ fún?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí ó wọ ikùn ọmọ ni àwọn elétò ìlera ń wò: bí ó bá jẹ́ omi ọmú nìkan ni ó ń mu, láìsí omi, àgbo tàbí mílíìkì inú agolo, ọmú nìkan ni ọmọ náà ń mu, yálà ẹnu rẹ̀ kan àyà ìyá rẹ̀ tàbí kò kàn án. Oògùn àti fítámì tí dókítà kọ kò ba èyí jẹ́. Èdè wa pàápàá kò yà wọ́n sọ́tọ̀: a ń fún ọmọ lọ́mú, a sì ń fún ọmú bí ẹni fún aṣọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹnu wa ń pè.

Kí ló dé tí ìyá yóò fi máa fún un sínú ife nígbà tí ọmú wà láyà rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń fi ẹ̀gàn béèrè jù, nítorí náà n ó dúró lé e lórí. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé lè má lágbára láti fa ọmú, nítorí pé fífà, gbígbé mì àti mímí kò tíì bá ara wọn mu nínú rẹ̀. Ó sábà máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34 nínú oyún kí èyí tó gún. Ọmọ tí a bí pẹ̀lú àjà ẹnu tí ó là kì í lè fà á dáadáa. Ìyá mìíràn wà tí orí ọmú rẹ̀ ti bó, tí ó ń sunkún kí ọmọ tó sunkún. Òmíràn wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn nígbà tí ọmọ wà ní yàrá mìíràn. Òmíràn bí ìbejì, Táíwò gba ọmú, Kẹ́hìndé kò gbà á. Àwọn kan sì wà tí wọ́n yàn án fúnra wọn, ìyẹn pẹ̀lú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ọmọ mi àkọ́kọ́ dé ní ọ̀sẹ̀ 33, ní ilé ìwòsàn kan nínú ìlú yìí. Ọwọ́ ni mo fi fún ọmú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, sínú ife kékeré tí wọ́n ti sè nínú omi gbígbóná. Ohun tí mo rí kò bo ìdí ife náà: ó ki, ó pọ́n bí epo àgbàdo, ó sì lẹ̀ mọ́ ara ife. Mo fẹ́ dà á nù nítorí ojú tì mí. Nọ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fà á títí tí ife fi mọ́ tónítóní, ó sì kán an sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà díẹ̀díẹ̀.

Mo fún un, kò kún ṣíbí. Ṣé ọmú mi ti gbẹ ni?

Rárá. Omi ọmú àkọ́kọ́ kì í pọ̀, ikùn ọmọ ọjọ́ kan pẹ̀lú kò sì ju ohun kékeré lọ. Èròjà tí ó ń gbógun ti àrùn ni ó kún inú rẹ̀. Ẹ má ṣe dà á nù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé omi ìdọ̀tí ni. Láàrin ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 5 ni ọmú máa ń kún, tí ó máa ń le, tí omi rẹ̀ yóò sì funfun.

Ṣé èyí tí a fún dára tó èyí tí ọmọ mu lórí ọmú?

Ó súnmọ́ ọn gidigidi, ó sì dára ju ohunkóhun mìíràn tí a lè fi rọ́pò rẹ̀ lọ. Èròjà tí ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìgbẹ́ gbuuru àti àrùn èémí wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Bí a bá gbé e sínú fírísà fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń pàdánù díẹ̀ nínú fítámì C àti nínú àwọn ohun alààyè inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò di omi lásán.

Ibi tí ìyàtọ̀ gbé pọ̀ ni ara ìyá àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ tí ó wà lórí ọmú ń mu ún bí ebi ṣe ń pa á, ọmú sì ń pèsè bí ó ṣe ń mu. Ẹ̀rọ kò mọ ebi ọmọ. Ìyá tí ó ń fún un ń ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé lẹ́yìn fífún ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ọmọ mu, tí yóò sì tún fọ gbogbo ohun èlò. Ohun kan sì wà tí a kì í sábà sọ fún wọn: ààbò tí ìfọ́mọlọ́mú ń ṣe lòdì sí oyún. Ọ̀nà yẹn gbẹ́kẹ̀ lé ohun 3: kí nǹkan oṣù má tíì padà, kí ọmọ má tíì pé oṣù 6, kí ó sì máa mu ọmú déédéé tọ̀sán-tòru. Orí kí ọmọ máa fi ẹnu fà á ni wọ́n ti dán an wò. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ nìkan ni ẹ ń lò, ẹ má ṣe fọkàn tán an, ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ nípa ìfètò-sọ́mọ-bíbí mìíràn.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n máa fún un lójúmọ́?

Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá láàrin wákàtí 24 ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 nígbà kọ̀ọ̀kan, ti òru sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá ya ọmọ sọ́tọ̀ lẹ́yìn ìbí, kí ìyá bẹ̀rẹ̀ láàrin wákàtí mélòó kan, kí ó má dúró dìgbà tí ọmú bá kún. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá ṣe ń sọ ọmú dòfo tó ni ara ṣe ń pèsè tó. Ọmú tí ó kún tí a kò fún ń sọ fún ara pé kí ó dín in kù. Nítorí èyí, ìyá tí ó fi òru sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì lè rí i pé ohun tí òun ń rí ti lọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Èròjà ara tí ń pèsè omi ọmú sì máa ń pọ̀ jù lóru.

Fífà tí ẹ̀rọ bá ń fà á kíkankíkan kì í mú omi ọmú pọ̀ sí i. Orí ọmú ni yóò bó. Ẹnu ẹ̀rọ tí ó rí bí fọ́nẹ̀lì gbọ́dọ̀ bá orí ọmú yín mu, nítorí pé èyí tí ó há máa ń ha á, èyí tí ó fẹ̀ jù sì máa ń fa àyíká dúdú rẹ̀ wọlé. Àwọn àgbà ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Ọmú pàápàá ń gbọ́ ọ: ẹkún ọmọ, òórùn aṣọ rẹ̀ tàbí rírí ojú rẹ̀ máa ń mú kí omi ọmú sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi wà nínú yàrá olóoru, mo máa ń gbé fìlà rẹ̀ lé itan kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo sì rí i pé ọmú ń tètè dáhùn.

Ṣé dandan ni ẹ̀rọ?

Kì í ṣe dandan rárá, ẹ má ṣe yá owó rà á kí ẹ tó mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ fún un. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ gbé àtàǹpàkò lé òkè àyíká dúdú ọmú, kí ìka ìfábẹ̀lá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ tì í sẹ́yìn sí àyà, ẹ fún un pọ̀, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ tún un ṣe. Ẹ má fa orí ọmú, ẹ má sì jẹ́ kí ìka máa yọ̀ lórí awọ. Kò ní jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Fún omi ọmú àkọ́kọ́ tí ó ki, ọwọ́ sábà máa ń ṣe é dáadáa ju ẹ̀rọ lọ, nítorí pé ìwọ̀nba tí ó wà níbẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ.

Iná kì í dúró ládùúgbò wa. Báwo ni n ó ṣe tọ́jú rẹ̀?

Níbí ni mo ti bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà. Omi ọmú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lè wà nínú yàrá fún wákàtí 4 bí yàrá náà kò bá gbóná ju 25°C lọ. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ní Òṣogbo, yàrá tí òrùn ń lu páànù orí rẹ̀ máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọmọ mu ún kí ó tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nínú fìríìjì tí ó tutù dé 4°C, ó lè lo ọjọ́ 4. Nínú fírísà, oṣù 6 ni ó dára jù. Ṣùgbọ́n fìríìjì tí iná ti lọ lára rẹ̀ láti àárọ̀ kì í ṣe fìríìjì mọ́, àpótí ni. Bí ẹ kò bá mọ ìgbà tí iná lọ, ẹ fi omi sínú ife, ẹ jẹ́ kí ó dì nínú fírísà, kí ẹ sì gbé owó ẹyọ kan lé e lórí. Bí owó náà bá ti rì, yìnyín ti yọ́ nígbà tí ẹ kò sí nílé. Kúlà tí ó dé dáadáa, tí yìnyín kún inú rẹ̀, lè tọ́jú rẹ̀ fún wákàtí 24.

Èyí tí ó ti dì tí ó sì ti yọ́ nínú fìríìjì, ẹ lò ó láàrin wákàtí 24, ẹ má sì dá a padà sínú fírísà. Ẹ fi ife rẹ̀ sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láti mú un lọ́ wọ́ọ́wọ́; ẹ má gbé e lé iná, ẹ má sì fi máíkírówéfù gbóná rẹ̀, nítorí pé ibì kan nínú rẹ̀ lè jó ọmọ lẹ́nu. Èyí tí ọmọ mu kù, ẹ dà á nù lẹ́yìn wákàtí 2. Ọ̀rá tí ó léfòó sókè kì í ṣe ìbàjẹ́; ẹ rọra yí ife náà, yóò dàpọ̀.

Ẹ ní abọ́ kan tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún fífọ ohun èlò náà, kí ó má jẹ́ abọ́ tí a fi ń fọ àwo ọbẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ wọ́n lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sè wọ́n fún ìṣẹ́jú 5 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ títí ọmọ yóò fi ju oṣù 2 lọ.

Ìgò tàbí ife?

Ife kékeré. Ó rọrùn láti fọ̀, ìdọ̀tí kò sì ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí nínú rẹ̀. Ẹ gbé ọmọ jókòó díẹ̀, ẹ fi etí ife kan ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀, kí ó fúnra rẹ̀ lá a. Ẹ má dà á sí i lẹ́nu.

Mílíìkì ìyẹ̀fun ti ìkókó inú agolo ńkọ́?

Ó ní àyè tirẹ̀: ìyá lè kú, ó lè ṣàìsàn tí oògùn rẹ̀ kò bá ọmú mu, ọmú sì lè má tó lóòótọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyá tí ó ń lò ó ní aláìbìkítà. Ohun tí ó ń dẹ́rù bà mí ni bí a ṣe ń pò ó. Nítorí pé ó wọ́n, àwọn kan máa ń fi ìwọ̀n kan sí omi púpọ̀ kí agolo lè pẹ́. Ọmọ yóò yó, ṣùgbọ́n yóò máa rù. Ẹ̀rù kejì ni pé ìyẹ̀fun náà fúnra rẹ̀ lè ní kòkòrò àrùn nínú. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí a pò ó pẹ̀lú omi tí ó hó tí kò tíì tutù ju 70°C lọ, ìyẹn láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí a tó wá mú un tutù fún ọmọ.

Ìyá ọkọ mi ní kí n máa fún un ní omi àti àgbo.

Ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ tó dá wọn lóhùn, nítorí pé ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é. Nínú omi ọmú, nǹkan bí 87 nínú 100 jẹ́ omi, èyí tó ọmọ láìka ooru sí. Rírọ ọmọ, tí a máa ń fi ọwọ́ di imú rẹ̀ kí ó lè gbé e mì, lè gbé omi lọ sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Mo ní kòkòrò HIV.

Bí ẹ bá ń lo oògùn yín lójoojúmọ́, tí ọmọ pẹ̀lú ń gba tirẹ̀, ìlànà wà tí ó gbà yín láàyè láti fún un ní ọmú nìkan fún oṣù 6. Ilé ìwòsàn tí ẹ ti ń gba oògùn ni kí ẹ ti sọ ọ́.

Mo fẹ́ padà síbi iṣẹ́.

Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa fún ìyá tí ó ń tọ́ ọmọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, nínú àkókò iṣẹ́. Ẹ béèrè rẹ̀. Fún obìnrin tí ó ń tajà lọ́jà, ife tí ó ní ọmọrí àti kúlà kékeré lábẹ́ tábìlì ti tó.

Kí ni kí n máa ṣọ́?

Láti ọjọ́ 5 lọ, kí ọmọ tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà láàrin wákàtí 24. Ọmọ tuntun máa ń fọn díẹ̀ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kí ó ti padà sí ìwọ̀n tí a bí i ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2. Bí kò bá mu nǹkan mọ́, bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tí ó tutù jù, bí ó bá ń mí tó ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n bí ìyeyè, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní ti ìyá, bí ọmú bá pọ́n, tí ó gbóná, tí ibà sì dé, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ má sì dẹ́kun fífún un, nítorí pé dídúró máa ń mú kí ó burú sí i.

Ó ti lo oṣù kan lórí ife. Ṣé ó ṣì lè gba ọmú?

Ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbà á. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ gbé e lé àyà yín níhòòhò nígbà tí kò sunkún tí ebi kò sì tíì pa á jù, kí ẹ fún omi ọmú díẹ̀ sí orí ọmú kí ó lè tọ́ ọ wò. Ẹ má fi ipá ti orí rẹ̀. Tèmi kọ̀ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹwàá, ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, iná kò sí, mo ń wá ife nínú òkùnkùn pẹ̀lú rẹ̀ láyà mi. Ó ti rí ọmú fúnra rẹ̀ kí n tó rí ìṣáná.