Steroid Inú Inhaler Kì Í Ṣe Àgbo Àjídèwe

Ẹ̀yin bàbá àti màmá wa l'Ákùrẹ́, ta ló sọ fún yín pé ẹni tó bá ti ń fa inhaler, ike tí a fi ń fa oògùn sínú ẹ̀dọ̀fóró, ti fẹ́ kú? Àwọn kan á kó o pamọ́, wọ́n á ní ayé ló ń fún àwọn lọ́rùn. Àwọn mìíràn á fà á fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á ní èémí àwọn ò padà sípò, wọ́n á gbé e fún ọmọ-ọmọ tó ń wúkọ́.

Ẹ̀dọ̀fóró tí sìgá tàbí èéfín igi ìdáná ti bà jẹ́, tí a wá ń pè ní COPD, kò sí steroid, oògùn tó ń mú kí wíwú inú ọ̀nà èémí rọlẹ̀, tó ń sọ ọ́ di tuntun. Wọ́n ti dán an wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwádìí ISOLDE, tó jáde ní 2000, fi ọdún mẹ́ta wo àwọn tó ń fa fluticasone, ọ̀kan lára steroid inú inhaler, àti àwọn tó ń fa èyí tí kò ní oògùn nínú. Bí agbára èémí wọn ṣe ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìgbà tí àìsàn ń dìde sí wọn ló fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù. Iṣẹ́ tó wá ṣe nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ kí èémí má tètè máa jò lọ, ẹ pa sìgá. Mo ti sọ ọ́ títí ó sú mi. A máa ń pa steroid yìí pọ̀ mọ́ oògùn tó ń la ọ̀nà èémí, a sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò: bí eosinophil, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan nínú ẹ̀jẹ̀, bá tó 300 nínú máíkrólítà kan, tí àìsàn sì ń dìde lemọ́lemọ́, ó tọ́ sí yín. Bí kò bá tó 100, ẹ fowó yín sápò, torí ó lè fa òtútù àyà.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni bí wọ́n ṣe ń fà á. Màmá kan la ẹnu gbàgà níwájú mi, wọ́n fín in sórí ahọ́n bí ẹni ń fín lọ́fínńdà. Ṣé ahọ́n ni yóò bá wọn mí ni? Ẹ mi ike náà, ẹ mí jáde tán, ẹ fi ètè dì í pinpin. Bí ẹ ti ń fa èémí wọlé díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá sé èémí títí ẹ ó fi ka ení dé ẹ̀wá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi ṣan ẹnu, kí ẹ tu ú dànù. Ẹni tí kò bá ṣan ẹnu, ahọ́n rẹ̀ á funfun, á sì máa ta á.

Àwọn tó ń polówó oògùn nínú bọ́ọ̀sì ńkọ́? A kò fi gbogbo ọdún yẹn kọ́ iṣẹ́ àyà kí a wá máa bá oníyẹ̀fun du aláìsàn. Ìyá kan tó fi ìgbà èwe dín gààrí lọ́nà Ìdànrè ń fi ẹ̀kọ gbígbóná mu ìyẹ̀fun wọn, wọ́n ní èémí ti já gaara. Ojú wọn wú rogodo, ẹ̀jẹ̀ dúdú sé sábẹ́ awọ apá wọn káàkiri, ṣúgà ti gòkè. Steroid oníhóró ni àwọn oníyẹ̀fun náà lọ̀ mọ́ egbò igi.

Ẹni tó bá ti ń lá irú rẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì: ara ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe steroid tirẹ̀, ó lè dá yín dùbúlẹ̀. Ẹ mú ìyókù rẹ̀ bọ̀ wá sílé ìwòsàn, kí a fi ọgbọ́n dín in kù fún yín.