Ẹrù àwìn àti perfection tí kò nílò rẹ́jísítà

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá ti ta ẹrù láwìn rí ní Kabba mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹrù lọ kọ́ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí owó ò wọlé mọ́ tí ẹ wá ń gbọ́ pé ẹrù yín ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíì ni. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ perfection ti wọlé.

Tí èmi àti kọ́sítọ́mà bá fọwọ́ síwèé pé firísà yìí ló dúró fún gbèsè ẹ̀, àárín àwa méjèèjì nìyẹn. Àmọ́ báǹkì tó tún yá a lówó, àtàwọn olówó yòókù tó ń lé e kiri, wọn ò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń kọ̀wé. Perfection ló ń jẹ́ kí ẹ̀tọ́ mi lórí firísà yẹn múlẹ̀ níwájú àwọn náà, ohun tí wọ́n sì sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á lọ kọ ọ́ sí rẹ́jísítà ìjọba níbi tí ẹni tó bá fẹ́ á ti rí i.

Ní Amẹ́ríkà, òfin UCC (Uniform Commercial Code, òfin ìṣòwò wọn), Article 9, section 9-309, yọ àwọn kan sílẹ̀ nínú ìforúkọsílẹ̀ yẹn, pé bí ẹ̀tọ́ yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ó ti perfect fúnra ẹ̀ nìyẹn. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ẹrù ìlò ilé tí wọ́n tà láwìn, tàbí tí wọ́n yáni lówó láti fi rà, tí ẹrù ọ̀hún gan-an wá dúró fún owó ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta àga àti fíríìjì láwìn lójoojúmọ́, tó bá ní láti forúkọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣé èrè kankan á kù ni? Mọ́tò ò sí níbẹ̀ ṣá o, mọ́tò ní ìwé tiẹ̀, orí ìwé yẹn ni wọ́n ti ń kọ gbèsè sí.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé òfin yẹn ò wo irú ẹrù, ohun tí ẹni tó rà á fẹ́ fi ṣe ló ń wò. Firísà kan náà, tó bá wà ní kíṣìn tó ń gba ẹja àti ẹran ilé, kò nílò rẹ́jísítà. Àmọ́ tó bá jẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n rà á fún, kó máa mú pure water àti mínírà tútù fún títà, irinṣẹ́ òwò ni, ẹni tó tà á gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀, òfin fún un ní 20 ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹrù dé ọwọ́ kọ́sítọ́mà tí ò bá fẹ́ kí olówó tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ gba iwájú ẹ̀.

Ihò kan ṣì wà níbẹ̀. Tí kọ́sítọ́mà bá ta firísà ilé yẹn fún aládùúgbò tó sanwó, tó fẹ́ lò ó nílé, tí ò mọ̀ pé gbèsè wà lórí ẹ̀, ẹni tó tà á láwìn ò lè gbà á lọ́wọ́ aládùúgbò mọ́, àfi tó bá ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú. Lójú tèmi ó dáa bẹ́ẹ̀, ta ló ń yẹ rẹ́jísítà wò kó tó ra firísà àlòkù?

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Naijiria ní Secured Transactions in Movable Assets Act ti 2017, òfin lórí ẹrù tó ṣeé gbé kiri tó dúró fún gbèsè, rẹ́jísítà ẹ̀ ni National Collateral Registry lábẹ́ CBN, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ìforúkọsílẹ̀ níbẹ̀ sì ni òfin yẹn gbé kalẹ̀ fún perfection. Torí náà ẹni tó bá ń ta ẹ̀rọ ìlọ gbáàgúdá láwìn ní Ìsánlú, kó bi lọ́yà nípa ẹ̀ kí ẹ̀rọ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, pàápàá tó bá gbọ́ pé kọ́sítọ́mà ọ̀hún tún ń gba lóònù ní báǹkì.