Àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára lórí kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn

Àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára lórí kọ̀ǹpútà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi ń mọ ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́, irú èyí tó gbà, ọjọ́ tó gbà á àti èyí tó kù. Ọdún 2021 ni ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà kọ́kọ́ bá irú rẹ̀ pàdé, nígbà tí NPHCDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìlera alábọ́dé, fi EMID, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́, forúkọ àwọn tó gba abẹ́rẹ́ COVID-19 sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti àwọn ọmọdé ṣì wà nínú káàdì tí ìyá ń tọ́jú sílé. Omíyalé Ògùnpa ti 1980 àti èyí tó tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní 2011 wọ ilé púpọ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ kì í dá káàdì sí.

Orúkọ gan-an ló ń mú iṣẹ́ yìí le nílẹ̀ Yorùbá. Ọjọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ ló yẹ kó gba BCG tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ ìyá ló sábà máa ń kọ́kọ́ wọ àkọsílẹ̀. Lọ́jọ́ ìkómọjáde, bàbá àgbà sọ tirẹ̀, ìyá àgbà náà sọ tirẹ̀. Bí ọmọ tí wọ́n bí ní Yemẹtu bá wá gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà ní Móníyà, ó lè jẹ́ orúkọ mìíràn ni ìyá rẹ̀ máa pè. Ọmọ kan á wá di méjì nínú kọ̀ǹpútà, a ó sì máa wá ọmọ tí kò sí. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan ṣoṣo, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà fóònù ìyá ni wọ́n fi ń yẹra fún àṣìṣe yìí.

Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án ló ń gba abẹ́rẹ́ èéyi àkọ́kọ́, bó bá pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń gba èkejì. Ọ̀pọ̀ ìyá rò pé ó ti parí lẹ́yìn àkọ́kọ́. Kí èéyi má baà ràn kálẹ̀, nínú ọmọ 100, ó yẹ kí 95 ti gba méjèèjì. Àkọsílẹ̀ tó péye ń jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mọ ìyá tó yẹ kó pè, ó sì ń fi wọ́ọ̀dù tí àlàfo wà hàn kí àrùn tó dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ, ojúlé àti fóònù tó ń jẹ́ kí wọ́n rí ọmọ náà ló lè tú àṣírí ìdílé. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 ní kí ilé ìwòsàn má sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn fún ẹlòmíràn, àfi láwọn ìgbà kan, bí ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ bá gbà tàbí tí òfin tàbí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Òfin Ààbò Dátà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó nílò ìṣọ́ra pàtàkì. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè sọ ẹni tó ṣí fáìlì. Ọ̀rọ̀ ìwọlé kan fún gbogbo ọ́fíìsì kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Iye abẹ́rẹ́ lásán, láìsí orúkọ, ló ń lọ lóṣooṣù sórí DHIS2, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó iye iṣẹ́ ilé ìwòsàn jọ sí. Bí orúkọ ọmọ bá sì ti yí padà láti ọjọ́ ìbí, òfin 2023 yìí kan náà ló fún ìyá láṣẹ láti ní kí wọ́n tún un kọ.