Ẹni tó kọ́kọ́ fi kòkòrò àrùn han ayé, ṣé òun ni yóò gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn?

Ní oṣù Karùn-ún 2025, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fẹnu kò ní Geneva lórí Àdéhùn Àjàkálẹ̀ Àrùn. Nígbà tí wọ́n dìbò, 124 gbà á wọlé, 11 kò dá sí i, ẹnì kankan kò sì ta kò ó. Láti ìgbà náà ni ìròyìn ti ń ta kora: àwọn kan ní ó ti dòfin, àwọn mìíràn ní WHO fẹ́ máa pàṣẹ fún ìjọba wa.

Ṣé ìfẹnukò yẹn ti sọ ọ́ dòfin?
Rárá. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àfikún kan tó ń jẹ́ PABS wọlé kí ẹnikẹ́ni tó lè tọwọ́ bọ àdéhùn náà, lẹ́yìn èyí ni orílẹ̀-èdè 60 yóò tún fòǹtẹ̀ lù ú nílé.

Kí ni PABS wà fún?
Orílẹ̀-èdè tó bá rí kòkòrò tuntun yóò tètè fi han àwọn yòókù. Àwọn ilé-iṣẹ́ apoògùn tó bá wọ inú ètò náà yóò ya 20 nínú 100 lára àjẹsára, oògùn àti ohun èlò àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe sọ́tọ̀ fún WHO nígbà tí àjàkálẹ̀ bá dé. Ó kéré tán, ìdajì rẹ̀ á jẹ́ ọ̀fẹ́, ìyókù á wà ní owó tí apá ká.

Ṣé wọn kì í pín in tẹ́lẹ̀ ni?
Wọ́n ń pín kòkòrò. Àjẹsára ló ń ṣòro pín. Ní 2007, nígbà tí àrùn lúkúlúkú adìyẹ H5N1 ń pa èèyàn ní Indonéṣíà, ìjọba ibẹ̀ dáwọ́ fífi kòkòrò náà ránṣẹ́ sí WHO dúró. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ òkèèrè ló ń fi ṣe àjẹsára tí agbára àwọn kò ní ká. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí ìlànà pínpín kan ní 2011, àmọ́ kìkì irú àrùn ọ̀hún ló kàn.

Nígbà tó di oṣù Kìíní 2020, wọ́n gbé àkọsílẹ̀ àbùdá kòkòrò Kòrónà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn onímọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ àjẹsára láì tíì fojú kan kòkòrò náà. Ibi tí ìjà wà gan-an nìyẹn. Ìgò kòkòrò tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní ẹni tó gbà á, a sì lè bi í léèrè. Àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, ẹnikẹ́ni lè dà á kọ kó má sì dá nǹkan kan padà.

Ní oṣù Kọkànlá 2021, àwọn onímọ̀ ní Bòtswánà àti Gúúsù Áfíríkà ta ayé lólobó nípa Omicron, ẹ̀yà tuntun kòkòrò Kòrónà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ilẹ̀kùn mọ́ bàálù wọn. Ìwà ìkà ni.

Ṣé WHO lè fipá gún wa lábẹ́rẹ́, tàbí kó ní ká má jáde nílé?
Kò lè ṣe é. Àdéhùn náà sọ ọ́ ní pàtó pé WHO kò ní àṣẹ láti yí òfin orílẹ̀-èdè kankan padà, láti sọ abẹ́rẹ́ di dandan tàbí láti kéde kónílé-ó-gbélé.

Amẹ́ríkà ńkọ́?
Ó ti jáwọ́ nínú ìjíròrò náà láti oṣù Kìíní 2025.

Kí ló wá yẹ ká bẹ̀rù?
Kí orílẹ̀-èdè kan rí àrùn tuntun, kó rántí Omicron, kó sì panu mọ́. Ẹ̀rù kejì ni àjẹsára tó dé nígbà tó ti fẹ́ bàjẹ́: ọ̀pọ̀ ìtọrẹ ọdún 2021 ló dé báyẹn.

Kí la lè ṣe?
Ẹ bi aṣòfin yín léèrè ìhà tí ìjọba kọ sí PABS, àti bóyá yàrá òtútù tó lè gba àjẹsára wà nílẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní àdéhùn náà fẹ́ fipá gún yín lábẹ́rẹ́, ẹ ní kó fi abala tó sọ bẹ́ẹ̀ hàn yín.