Òjò Ti Dá, Ojú Àgbàrá Ṣì Wà: Ohun Tó Ń Mú Ológbò Tí A Ti Tẹ̀ Lọ́dàá Máa Gun Nǹkan

Ológbò fi eyín di kúbùsù mú bí ìgbà tó bá di abo mú lẹ́yìn ọrùn, ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì tẹlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tẹ amọ̀. Bẹ́ẹ̀ ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ohun tí ẹni tó ni ín máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé dókítà kò ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Ẹ̀sùn yìí ń bí ni nínú, torí kì í sábà jẹ́ òótọ́.

Kóró ẹpọ̀n kọ́ ló ń gun nǹkan, ọpọlọ ni. Ní àsìkò tí wọ́n bí akọ ológbò ni testosterone, èròjà tí kóró ẹpọ̀n ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ti ṣàn gba inú ọpọlọ rẹ̀, tó sì la ipa akọ síbẹ̀, bí òjò ńlá ṣe ń la ojú àgbàrá. Iṣẹ́ abẹ dá òjò dúró, kò dí ojú àgbàrá. Bí wọ́n bá da omi ìfọṣọ lásán nù lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ibẹ̀ náà ni yóò gbà. Eré tó gbóná jù lè jẹ́ omi ìfọṣọ yẹn. Ẹ̀rù lè jẹ́ ẹ, àìríṣe lè jẹ́ ẹ, ológbò tuntun nínú ilé, tàbí òórùn abo tó ń wá akọ níta. Kódà abo tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún náà a máa gùn nígbà mìíràn.

Ojú àgbàrá kan sì jìn ju òmíràn lọ. Ní 1958, àwọn olùwádìí méjì, Rosenblatt àti Aronson, fi hàn pé akọ tó ti gun abo rí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá máa ń pẹ́ kó tó jáwọ́ ju èyí tí kò mọ abo rí. Ìdí nìyẹn tó fi sàn kí wọ́n tètè ṣe é, kó tó bàlágà.

Tí ọkàn ẹnì kan kò bá sì balẹ̀ síbẹ̀ pé dókítà ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, ẹ̀rí wà lára ológbò fúnra rẹ̀, ó sì wuyì gan-an. Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó lé ní 100 ló wà lórí nǹkan ọmọkùnrin akọ tí wọn kò tẹ̀. Testosterone ló ń gbé wọn ró. Bó bá ti tán nínú ẹ̀jẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á rọ, ibẹ̀ á dán. Bí dókítà ẹranko bá yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tó rí ẹ̀gún, ìgbà yẹn ni kó wá kóró ẹpọ̀n tó ṣeé ṣe kó sá pamọ́ sínú ikùn.

Igbe àti ẹgba ò wúlò níbí, ẹ̀rù ni wọ́n ń dá kún ẹ̀rù. Ẹ ju ohun ìṣeré sí i kó yà síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa bá a ṣeré dáadáa lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí àṣà yìí bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀, tó ń lá ìdí rẹ̀ ṣáá, tó ń lọ tọ̀ tí ìtọ̀ ò jáde, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀. Ìtọ̀ tó há lè pa akọ ológbò láàárín ọjọ́ díẹ̀.