Àpò Tí Ọkàn Ń Gbé

Ẹni tó bá ra ọkàn màlúù lọ́jà Akẹ̀sán nílùú Ọ̀yọ́ lè má mọ̀ pé kò wà níhòòhò bẹ́ẹ̀ nínú màlúù. Inú àpò kan ló wà, alápatà ló sábà máa ń bó o kúrò. Ọkàn tiwa náà ní irú rẹ̀. Pericardium ni àwọn dókítà ń pè é. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni: peri ni "yíká", kardia ni "ọkàn". Àpò ọkàn ni èmi ń pè é ní tèmi.

Awọ ìta rẹ̀ yi gan-an. Ó so mọ́ egungun àyà níwájú, ó so mọ́ iṣan tó pààlà àyà àti ikùn nísàlẹ̀, kí ọkàn má baà máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Awọ inú ló fẹ́lẹ́, òun ló sì ń da orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rú, torí ó ṣẹ́po sí méjì. Ẹ mú ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí omi díẹ̀ ṣẹ́ kù sí, ẹ fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́ títí tí ọ̀rá náà fi bo ọwọ́ yín. Ìkúùkù yín ni ọkàn. Ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ ọn ni epicardium. Ọ̀rá kejì ló lẹ̀ mọ́ awọ líle ìta. Omi tó wà láàárín wọn kò ju bíi mìlílítà 15 sí 50 lọ, ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́wàá. Òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n máa ha ara wọn, bẹ́ẹ̀ ọkàn ń lù tó ìgbà 100,000 lójúmọ́.

Bí ẹ bá rí -itis nídìí ọ̀rọ̀ ìṣègùn, ibẹ̀ ló ń wú, tó ń ta èèyàn. Ẹni tó ní pericarditis, àyà á máa dùn ún bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún un, pàápàá tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Tó bá jókòó tó tẹ̀ síwájú, á rọjú. (Ẹ má fi ìjókòó wo àyà dídùn o, ilé ìwòsàn ni.) Nílẹ̀ Áfíríkà, ikọ́ ife wà lára ohun tó sábà ń fà á. Dókítà tó bá fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà náà lè gbọ́ ìró kan tó ń ké bí awọ tuntun. Àwọn oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ tó ń rán tìmùtìmù mọ ìró yẹn.

Wọ́n sì mọ̀ pé awọ tí a fà lójijì kì í gbà, èyí tí a fi sùúrù fà ló ń nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpò ọkàn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ya wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mìlílítà 200 péré lè fún ọkàn débi tí kò ní lè kún mọ́. Tamponade nìyẹn, pàjáwìrì ni. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń ro síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àpò náà lè gba tó lítà kan kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́yìn yọ. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fà á jáde. Pericardiocentesis ni wọ́n ń pe ìyẹn, ọ̀rọ̀ gbọọrọ fún ihò kan ṣoṣo.